Ta Ni Yóò Dúró fún Un? Ìtàn Owó Àkọ́yá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ọdún 2021, mo bá ìyá mi lọ sí báńkì kan ní ìlú Ìbàdàn. Ata ni ìyá mi ń tà. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí ó ti ń ru ata, tòmátì àti àlùbọ́sà láti ọjà Bódìjà wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wa, kò sì sí ọjọ́ kan tí oníbàárà kì í bi í léèrè bí ó bá lè bá òun lọ ata náà. Ẹlòmíràn ni ó ní ẹ̀rọ ìlọta ní oríta. Nígbà tí ẹni náà ń múra láti padà sí ìlú rẹ̀, tí ó sì fẹ́ ta ẹ̀rọ náà ní ₦120,000, ìyá mi wí pé bí òun bá lè rí owó náà yá, òun yóò san án tán kí ọdún tó yí po. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé ilé wa, èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, èmi náà ni mo sì tẹ̀ lé e lọ.

Ọmọlúàbí ni akọ̀wé báńkì tí ó gbà wá. Ó fún wa ní ìjókòó, ó tẹ orúkọ ìyá mi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì wí pé, "Mà, ẹ kò yá owó rí." Inú ìyá mi dùn, ó rò pé ìyìn ni. Ó dáhùn pé, "Rárá o, ọmọ mi, Ọlọ́run kò jẹ́ kí n jẹ gbèsè rí." Akọ̀wé náà wá fi sùúrù ṣàlàyé pé nítorí èyí gan-an ni àwọn kò fi lè yá a. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí ó fi hàn pé ó yá owó rí tí ó sì san án. Kò ní ìwé ilẹ̀. Kò sì ní òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò fọwọ́ sí ìwé fún un. Bí a ti ń jáde, ìyá mi bi mí pé, "Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ jẹ gbèsè ni, kí n tó lè rí gbèsè jẹ?"

N kò rí èsì fún un. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó gbé mi dé inú ìwé ìtàn, òun náà ni mo sì fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ohun tí akọ̀wé náà ń wá nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn baba wa. Wọ́n ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Nígbà tí a ń fi owó ẹyọ ná ọjà ni a ti pa òwe yìí, òye tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni báńkì ń lò títí di òní: gbèsè kékeré tí a san ni ó ń la ọ̀nà fún èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí ẹni tí kò yá ẹgbẹ̀fà rí yóò ti ṣe rí ẹgbẹ̀fà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wádìí ọ̀ràn náà, mo rí i pé ohun mẹ́ta ni ó máa ń dúró fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́: ara rẹ̀, ìtìjú rẹ̀, àti àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ara ni ti ìwọ̀fà. Ẹni tí ó fẹ́ owó tí yóò fi sìnkú tàbí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, tí kò sì ní ohun ìdógò, ara rẹ̀ ni ó ń fi dógò. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ń gbé ilé ara rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ kọ ọgọ́rùn-ún ebè fún olówó rẹ̀ kí ó tó kọjú sí oko tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni èlé. Owó gan-an wà níbẹ̀ láìdín ẹyọ kan. Bí ó sìn títí ogún ọdún, iye tí ó yá náà ni yóò san kí ó tó bọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ ni òbí ń fi ṣe ìwọ̀fà, ọmọ náà a sì lọ máa gbé ọ̀dọ̀ olówó. Níbẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti korò jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó jẹ owó kọ́ ni ó ń san èlé rẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún ni ìjọba fi òfin de é, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú ni ti ológò. Bí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó a bẹ ológò níṣẹ́. Iṣẹ́ ológò ni kí ó lọ jókòó ti onígbèsè nínú agbo ilé rẹ̀. Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni tí kì í bínú ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kò ní í jẹ́ kí ará ilé ní ìsinmi, bí ó bá sì rí adìẹ, a mú un, a pa á jẹ, ọrùn onígbèsè ni gbogbo rẹ̀ wà. Kì í lọ títí wọn yóò fi wá owó. Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ológò ń yọ lẹ́nu, gbogbo agbo ilé ni. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tí kò sì ní ẹran, bí ó bá ní ẹbí, ó ní ohun tí ó lè pàdánù, olówó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ka owó fún un.

Ènìyàn ni ti onígbọ̀wọ́ àti ti èsúsú. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ó sọ pé, "Bí kò bá san, ẹ bi mí." Èsúsú sì ni ẹgbẹ́ àwọn tí olúkúlùkù wọn ń mú iye kan náà wá ní àkókò kan náà, tí olórí wọn ń kó o jọ, tí ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Johnson wí pé èyí ni ó ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tí ó nílò owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952, ètò owó yíyá ni ó sì pè é. Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu ní àkọ́kọ́, nítorí pé owó ìpamọ́ ni mo ka èsúsú sí láti kékeré. Àwa náà sáà ń wí pé èsúsú kò lérè, iye tí a bá dá ni a óò kó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, ẹni àkọ́kọ́ yóò kó ₦120,000 nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ₦10,000. Owó èlé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè ₦110,000. Ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn ti yá àwọn ìyókù ní ₦110,000 kí tirẹ̀ tó dé. Nítorí náà, ipò tí ènìyàn wà nínú ìlà ni gbogbo ọ̀ràn. Nínú èsúsú ìyá mi, ìdí ìlà ni a ń fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọn yóò ti rí i kí ó mú owó wá kí wọ́n tó gbé owó fún un. Bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì, ó lè sún sí ipò kẹjọ. Ní ọdún kẹta, ó lè di ìkẹrin. Bí ẹnìkan bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ojú gbogbo wọn ni. Ìlà yìí ni àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀. Ó pé pérépéré. Àléébù rẹ̀ kan ni pé orí àwọn ènìyàn méjìlá ni a kọ ọ́ sí, akọ̀wé báńkì kò sì lè ka orí ènìyàn.

Àléébù yìí kò farahàn títí báńkì fi dé. Ní 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni kíkó owó fàdákà wọ ìlú àti bíbá àwọn oníṣòwò ńlá òkè òkun gbé owó kiri. Ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá fẹ́ yá owó ní láti mú ìdógò wá, ìdógò tí báńkì sì mọ̀ ni ilẹ̀ tí ó ní ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa, ti ẹbí ni. Àwọn àgbà ní ilẹ̀ jẹ́ ti òkú, ti alààyè, àti ti ọmọ tí a kò tí ì bí. Báwo ni báńkì yóò ṣe gbé ilẹ̀ tà, nígbà tí ẹni tí a kò tí ì bí ní ìpín nínú rẹ̀? Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ó ní oko títí dé ẹ̀bá odò, tí gbogbo ìlú sì mọ baba ńlá rẹ̀, a di ẹni tí a kò mọ̀ rí bí ó bá ti dé iwájú tábìlì òyìnbó.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò káwọ́ gbera. Wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní 1929, ó wó ní 1930. Wọ́n tún dá òmíràn sílẹ̀ ní 1931, òun náà wó ní 1936. Ní 1933 ni Dókítà Akinọlá Májà, Ọ̀gbẹ́ni T. A. Doherty, Ọ̀gbẹ́ni H. A. Subair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, èyí sì dúró. Ní 1945 ni Olóyè Mathew Adékúnlé Òkúpè dá báńkì Agbọ́nmágbẹ sílẹ̀, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Wema ní 1969. Àwọn báńkì wọ̀nyí gba ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa tí ẹlòmíràn kò gbà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ báńkì kéékèèké mìíràn tí a dá sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tún wó, tí òfin báńkì ọdún 1952 sì jáde láti wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ ọmọ ìyá ẹni nìkan kò tó láti fi mọ ẹni tí yóò san gbèsè.

Ọ̀nà tí ó súnmọ́ ti èsúsú jù lọ ni ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ní 1934 ni C. F. Strickland, ẹni tí ìjọba pè wá ṣe ìwádìí, kọ ìwé ìmọ̀ràn rẹ̀. Ní 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde. Ní 1953 sì ni a dá báńkì àwọn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ènìyàn wa fún irú ẹgbẹ́ náà kan ní orúkọ tí ó dùn mọ́ mi, alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ó jẹ tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ máa fi owó pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó lè yá iye tí ó ju èyí tí ó fi pamọ́ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dúró fún un. Kí ni ohun tuntun tí ó wà níbẹ̀? Onígbọ̀wọ́ ti wà tipẹ́, dídá owó jọ náà ti wà tipẹ́. Ohun tuntun ni ìwé. Èsúsú tí ó ti ń gbé inú orí ènìyàn wá di ohun tí àjèjì lè ṣí wò.

Èsúsú fúnra rẹ̀ ti rin ìrìn àjò jìnnà kí ìwé tó bá a. Ó bá àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú àti àwọn tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ. Wọ́n ń pè é ní osusu ní Sàró, susu ní Trinidad, asue ní erékùṣù Bahamas. Nígbà tí àwọn ará Caribbean ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn 1948, tí ọ̀pọ̀ báńkì kò sì yá aláwọ̀ dúdú lówó ilé, irú ẹgbẹ́ báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi rí owó àkọ́kọ́ tí wọ́n san sórí ilé. Ìbéèrè tí a bi ìyá mi ní Ìbàdàn ni a bi wọ́n níbẹ̀: ta ni ó mọ̀ ọ́n?

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn dé ibi kan náà. Ní abúlé Jobra ní Bangladesh, ní 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ yunifásítì, rí i pé dọ́là 27 péré ni àwọn ènìyàn 42 nílò láti bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówó èlé. Ó fi owó ara rẹ̀ san án. Nígbà tí ó tọ báńkì lọ pé kí wọ́n máa yá irú wọn, báńkì ní wọn kò ní ìdógò. Kí ni Yunus ṣe? Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún wọn. Onígbọ̀wọ́ ni ó di. Láti inú rẹ̀ ni báńkì Grameen ti jáde ní 1983, ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel sì tẹ̀ lé e ní 2006. Ní 1989, ìjọba Nàìjíríà náà dá People's Bank sílẹ̀ láti máa yá àwọn tí kò ní ìdógò, Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́ sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà ní 2018, Wemimo Abbey, ọmọ Èkó, àti Samir Goel dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń kọ owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san déédéé sínú àkọsílẹ̀ gbèsè wọn, kí báńkì lè rí i. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Esusu.

Ní ilé wa ńkọ́? Ní ọdún 2017, òfin méjì jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀kan fi ìdí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́ múlẹ̀. Èkejì gbà pé kí ènìyàn lè fi ohun tí kì í ṣe ilẹ̀ dógò, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ọjà tí ó ń tà. Nípa òfin yìí, ẹ̀rọ ìlọta náà gan-an ìbá ti lè dúró fún owó tí a fi rà á. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún wa, èmi tí mo sì ń pe ara mi ní akọ̀wé kò mọ̀ ọ́n.

Ológò pẹ̀lú ti padà dé. Àwọn kan ń yá ènìyàn lówó láti orí fóònù láìbéèrè ìdógò, ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ gba orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù náà. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, wọn a ránṣẹ́ sí àna onígbèsè, sí ọ̀gá rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀, pé olè ni. Ní 2022, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà pàṣẹ pé kí gbogbo irú ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Ológò àtijọ́ sàn jù wọ́n lọ ní ọ̀nà kan: ó mú ojú ara rẹ̀ wá, agbo ilé sì lè bá a sọ̀rọ̀.

N kò tí ì sọ bí ọ̀ràn ìyá mi ti parí. Ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e ni ìpàdé èsúsú wọn, mo sì tẹ̀ lé e lọ. Ipò kẹsàn-án ni ó wà ní ọdún náà, nítorí pé owó ilé ẹ̀kọ́ mi ni ó fẹ́ fi ìyẹn san. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó ṣíwájú. Ìyá arúgbó tí ó jẹ́ olórí wọn wo gbogbo ilé, ó ní, "Ta ni yóò dúró fún un?" Ilé pa rọ́rọ́. Ojú tì mí fún ìyá mi.

Obìnrin kan tí ó ń ta ẹran ni ó kọ́kọ́ dìde. Àyà mi já, nítorí pé òun àti ìyá mi ti ń bínú síra wọn láti ọdún méjì lórí ọ̀ràn àyè ìsọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi àti ìyá yìí kò rẹ́. Nínú ìjà wa náà, mo gbàgbé ṣéńjì ₦3,000 sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi rán ọmọ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì kí mi. Èmi yóò dúró fún un." Ẹni tí ìpín kan ti oṣù náà sì gbà, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi ra ẹ̀rọ náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi rí owó ilé ẹ̀kọ́ mi kó jọ nínú ata lílọ̀, kò sì pẹ́ dá èsúsú náà lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ẹ̀rí obìnrin yẹn. Ọ̀rẹ́ lè purọ́ gbè wá. Ẹni tí inú ń bí sí wa, tí ó sì jẹ́rìí sí wa, ẹ̀rí tirẹ̀ ni olówó kò lè kọ̀. Èyí ni èsì tí n kò rí fún ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Kò nílò láti lọ jẹ gbèsè kí ó tó ní ìtàn. Ó ti ní in láti ọdún méjìdínlógún. Àwa tí a mọ̀wé ni a kò kọ ọ́.

Èmi kò sì ní tan yín pé ẹnu ènìyàn nìkan tó. Àjèjì tí ó dé ìlú lánàá kò ní ẹni tí ó mọ ṣéńjì tí ó dá padà. Olórí èsúsú mìíràn sì ti kó owó sá lọ rí. Ìwé dára, nítorí pé ó lè bá ènìyàn dé ibi tí ará àdúgbò rẹ̀ kò lè dé. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ẹtì kejì, mo ra ìwé olójú ewé 80, mo fa ìlà sí i, mo sì kọ orúkọ àwọn méjìlá náà sílẹ̀: ọjọ́ tí oníkálùkù dá owó, iye tí ó dá, ẹni tí ó kó, àti ẹni tí ó dúró fún un. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, àwọn tí kò lè kọ̀wé tẹ ìka. Ìwé kẹta ni a wà báyìí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìyá tiyín náà ń dá èsúsú níbì kan. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ mú kálàmù dání.